Nígbà Tí Ọkàn Òṣèré Bá Rẹ̀wẹ̀sì Láàárín Eré

Mo júbà àgbà, mo júbà ọmọdé. Mo júbà àwọn alárìnjó tó ru ẹrù eré láti ìlú dé ìlú ṣáájú wa. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ òṣèré, ẹ̀yin olùdarí, ẹ̀yin onílù, ẹ̀yin alákòóso ìtàgé tí òǹwòran kì í rí, ẹ kú ìjókòó, ẹ kú àpéjọ.

Ọ̀rọ̀ tí mo bá wá lónìí, ọ̀pọ̀ wa ló ti fojú rí i, ṣùgbọ́n a kì í sábà jókòó sọ ọ́. Gbogbo ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń kọ́ wa nípa eré ìtàgé, alẹ́ àkọ́kọ́ ló máa ń parí sí. Wọn á kọ́ wa bí a ṣe ń yan òṣèré, bí a ṣe ń dánra wò, bí a ṣe ń to iná, títí dé ìgbà tí aṣọ ìtàgé yóò ṣí. Lẹ́yìn ìyẹn, ó di ọwọ́ wa. Ta ló kọ́ wa ní ohun tí a ó ṣe ní ọ̀sẹ̀ kẹta? Ẹbí àti ọ̀rẹ́ ti wò ó tán, oníròyìn ti kọ èyí tó fẹ́ kọ, òjò ń rọ̀, ìdajì àga gbọ̀ngàn ṣófo, òṣèré sì tún gbọ́dọ̀ jáde lọ kú lórí ìtàgé ní alẹ́ òní gẹ́gẹ́ bó ṣe kú lálẹ́ àná.

Ohun tí mo ti rí nínú iṣẹ́ yìí ni pé ìrẹ̀wẹ̀sì ní ojú ọ̀nà tó ń gbà wọlé. Owó tí kò dé lásìkò. Oúnjẹ tí kò sí. Oorun tí kò tó. Òtítọ́ tí wọ́n fi pa mọ́ fún òṣèré. Ìwọ̀sí tí wọ́n fi kan ẹnì kan tí ẹnikẹ́ni kò gbèjà rẹ̀. Olórí tó bá pe gbogbo ẹgbẹ́ jọ, tó ń sọ fún wọn pé kí wọ́n túra ká, kí wọ́n fi ìfẹ́ ṣe é, láìwá ojú ọ̀nà tí nǹkan náà gbà wọlé, àkókò ló ń fi ṣòfò. Ó sì lè bà á jẹ́ sí i, nítorí àwọn òṣèré yóò mọ̀ pé ó ti rí ìyà tó ń jẹ wọ́n, ìdùnnú ojú wọn nìkan ló ń wá.

Báwo la ṣe ń mọ̀ pé ó ti dé? Ẹni tó máa ń ti wà lórí ìjókòó ní wákàtí kan ààbọ̀ ṣáájú eré yóò bẹ̀rẹ̀ sí í sáré wọlé lẹ́yìn ìpè ìdajì wákàtí, ìyẹn ìpè tí alákòóso ìtàgé fi ń sọ pé ó ku ìdajì wákàtí kí eré bẹ̀rẹ̀. Aṣọ eré tí wọ́n ń fi sùúrù gbé kọ́ yóò di èyí tí wọ́n ń jù sórí àga. Àwọn tó máa ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìtàgé láti wo ìran tí wọn kò sí nínú rẹ̀ yóò wá ibòmíràn jókòó sí. Ẹnì kan yóò ní inú ń run òun, ẹnì kejì yóò ní ọ̀fun ń dun òun, òótọ́ sì lè ni àwọn méjèèjì ń sọ, nítorí ara máa ń gbọ́ ohun tó ń ṣe ọkàn. Àmì tí mo gbẹ́kẹ̀ lé jù lọ ni aago. Ẹ jẹ́ kí alákòóso ìtàgé máa kọ ìṣẹ́jú tí eré bẹ̀rẹ̀ àti ìṣẹ́jú tó parí sílẹ̀ lálaalẹ́. Eré tó ń gba wákàtí méjì, tó wá bẹ̀rẹ̀ sí í parí ní wákàtí kan àti ìṣẹ́jú àádọ́ta láìsí pé ẹnikẹ́ni gé ọ̀rọ̀ kankan kúrò, àwọn òṣèré rẹ̀ ń sáré lọ ilé ni. Èyí tó bá sì ń gùn sí i, ẹnì kan ti ń fi ìdánudúró wá àtẹ́wọ́ tí kò rí gbà mọ́. Ìwé kékeré yẹn yóò sọ ọ̀rọ̀ náà fún yín ṣáájú kí ẹnikẹ́ni tó la ẹnu.

Ẹ jẹ́ kí n ti orí owó bẹ̀rẹ̀, nítorí ebi kì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Lágbo eré ti Èkó lónìí, ọ̀pọ̀ òṣèré tí ẹ ń wò ní Victoria Island ni kò gbé nítòsí ibẹ̀. Ìkòròdù ni wọ́n ti ń bọ̀, Ògbà ni, Ìyànà Ìpájà ni, àwọn mìíràn ń gba ojú ọ̀nà Ìpínlẹ̀ Ògùn wá. Ní òpin oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù, lítà epo tí à ń rà ní iye tí kò tó ₦200 fò kọjá ₦480 láàárín ọjọ́ díẹ̀. Owó ọkọ̀ fò tẹ̀lé e. Ẹni tó ti fọwọ́ sí ìwé àdéhùn ṣáájú ìgbà yẹn, iye tó wà nínú ìwé kò yí padà, ṣùgbọ́n ohun tó ń ná láti dé ẹnu iṣẹ́ ti yí padà pátápátá. Bí ẹ bá rí irú òṣèré bẹ́ẹ̀ tó ń fa ẹsẹ̀ wọlé, ẹ má ṣe bi í léèrè bóyá ó ṣì fẹ́ràn iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ bi í pé èló ló fi wọkọ̀.

Fún ìdí èyí, mo gbàgbọ́ gidigidi pé kí owó ọkọ̀ yàtọ̀ sí owó iṣẹ́. Kí owó ọkọ̀ máa tẹ òṣèré lọ́wọ́ lójoojúmọ́ kó tó kúrò ní gbọ̀ngàn, kí owó iṣẹ́ sì ní ọjọ́ tirẹ̀ tí gbogbo ènìyàn mọ̀. Bó bá ṣeé ṣe, kí apá kan rẹ̀ ti wọlé ṣáájú alẹ́ àkọ́kọ́. Ní àwọn ọjọ́ tí a bá ń ṣeré lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀sán àti ìrọ̀lẹ́, kí oúnjẹ gbígbóná wà láàárín méjèèjì. Mo sọ gbígbóná nítorí mo ti rí bí ìwà ẹgbẹ́ ṣe ń yí padà láàárín ọjọ́ kan péré nígbà tí wọ́n bá rí ẹ̀bà àti ọbẹ̀ jẹ dípò bisikíìtì àti ohun mímu inú ike. Olóòtú, ẹni tó ń fowó sílẹ̀ fún eré, tó bá ní òun kò lágbára rẹ̀, kó dín iye aṣọ eré kù, kó dín ọ̀ṣọ́ ara ògiri kù. Òǹwòran kò ní mọ̀ pé ògiri kan dín. Yóò mọ̀ bí ọba bá jáde tí ohùn rẹ̀ kò kọjá ìlà àga kẹrin.

Èyí tó le ju àìtó owó lọ ni irọ́ nípa owó. Òṣèré lójú. Láti orí ìtàgé ló ti ń ka orí ènìyàn. Bí gbọ̀ngàn bá kún, tí wọ́n wá sọ fún un pé tíkẹ́ẹ̀tì kò tà, ó ti mọ̀ pé wọ́n ń yàn án jẹ. Bí gbọ̀ngàn bá ṣófo, tí olóòtú ń kọ ọ́ sórí Instagram pé gbogbo àga ti tán, ojú ń tì í nítorí ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó wá wò ó lánàá rí àga òfìfo. Mo wà nínú eré kan rí tí ọjọ́ ìsanwó ń sún síwájú. Wọ́n ń rán akọ̀wé sí wa, akọ̀wé náà kò sì mọ ohun tí yóò sọ. Nígbà tí ọ̀rọ̀ fẹ́ di ìjà, a ní kí olóòtú fúnra rẹ̀ wá. Ó wá. Ó gbé ìwé kalẹ̀: iye tó gba gbọ̀ngàn, iye tó san fún iná àti ẹ̀rọ amúnáwá, iye tíkẹ́ẹ̀tì tó tà, iye ọ̀fẹ́ tó fún àwọn onígbọ̀wọ́. Owó kò sí lóòótọ́. Ó san díẹ̀, ó dá ọjọ́ fún ìyókù, ó sì fi ọwọ́ rẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀. Eré alẹ́ ọjọ́ yẹn dára ju gbogbo èyí tí a ti ṣe lọ́sẹ̀ náà, bẹ́ẹ̀ gbèsè ṣì wà nílẹ̀. Òótọ́ tí wọ́n bá wa sọ ló gbé wa dìde.

Ẹ wo àwọn baba wa. Nínú ẹgbẹ́ eré alárìnká ti ọ̀rúndún tó kọjá, láti ìgbà tí Hubert Ògúndé ti gbé eré àkọ́kọ́ rẹ̀ kalẹ̀ ní Glover Memorial Hall ní Èkó ní ọdún 1944, olórí ló ni gbogbo nǹkan. Òun ló ni ọkọ̀, òun ló ni aṣọ, òun ló ni ẹ̀rọ amúnáwá àti gbohùngbohùn, orúkọ rẹ̀ ló wà lára ọkọ̀ náà gàdàgbà. Owó géètì ni gbogbo ẹgbẹ́ ń jẹ. Bí òjò bá lé òǹwòran sá ní Iléṣà, ebi lè dé Àkúrẹ́ bá wọn. Àwọn òṣèré fara da èyí nítorí wọ́n ń kọ́ṣẹ́ ni, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì ní i lọ́kàn pé lọ́jọ́ kan òun náà yóò dá dúró. Jímọ̀ Àlíù wà lọ́dọ̀ Akin Ògúngbè kó tó dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀. Lérè Pàímọ́ kọ́kọ́ bá Oyin Adéjọbí ṣe, ó tún bá Dúró Ládiípọ̀ ṣe, lẹ́yìn náà ló tó di olórí ẹgbẹ́. Mo ń sọ èyí nítorí àwọn olùdarí kan tó máa ń ka ẹni tó bá fẹ́ lọ sí ọ̀dàlẹ̀. Nígbà mìíràn, ohun tí ẹ ń pè ní ìrẹ̀wẹ̀sì lójú òṣèré, ó ti gbọ́n ju ipa tí ẹ fún un lọ ni. Ẹ pè é sí kọ̀rọ̀. Ẹ fún un ní ohun tó ju ipa ẹrú kẹta lọ nínú eré tó ń bọ̀, tàbí kí ẹ fi tayọ̀tayọ̀ jẹ́ kó lọ nígbà tí èyí bá parí. Ẹni tó mọ̀ pé ọ̀nà kò dí mọ́ òun yóò ṣe iṣẹ́ rẹ̀ dé òpin.

Gbọ̀ngàn òfìfo wá ńkọ́? Mi ò ní pẹ́ lórí èyí. Gbọ̀ngàn ńlá inú Gbọ̀ngàn Eré Orílẹ̀-èdè ní Igánmú, èyí tí wọ́n ṣí ní ọdún 1976, tí wọ́n sì fi orúkọ Wọlé Ṣóyínká pè ní ọdún 2024, ni wọ́n kọ́ láti gba nǹkan bí 5,000 ènìyàn. Bí igba ènìyàn bá jókòó káàkiri inú rẹ̀, lójú òṣèré, kò sẹ́ni kankan níbẹ̀. Ẹ kó igba ènìyàn yẹn kan náà sí yàrá tó gba igba àti ogún, ilé yóò gbóná, ẹ̀rín yóò máa ran ẹ̀rín. Nítorí náà, apá kan nínú ìṣòro yìí ti wà nílẹ̀ láti ọjọ́ tí ẹ lọ gba gbọ̀ngàn. Bí ẹ bá ti gba èyí tó tóbi jù tán, ẹ jẹ́ kí àwọn tó ń darí èrò kó gbogbo òǹwòran sí iwájú kí iná tó kú. Ẹ sọ iye ènìyàn tó wà níta fún àwọn òṣèré nígbà ìpè ìdajì wákàtí, kí wọ́n má ṣe máa yọjú láti ẹ̀gbẹ́ aṣọ ìtàgé. Kí ẹ sì ti pinnu ṣáájú ọjọ́ kìíní iye ènìyàn tó bá dín sí tí ẹ kò ní ṣeré. Ṣé mẹ́wàá ni? Ṣé márùn-ún ni? Kó wà nínú ìwé. Ohun tó ń pa ọkàn òṣèré ni kó wọṣọ tán, kó kun ojú tán, kí àwọn àgbà wá máa jiyàn lórí rẹ̀ bóyá kí eré wáyé.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí Ògúndé, nítorí wàhálà tó bá ẹgbẹ́ rẹ̀ ju àga òfìfo lọ. Ìjọba amúnisìn ti kọ́kọ́ dí i lọ́wọ́ ní Jos nítorí eré rẹ̀ lórí ìyanṣẹ́lódì. Ní ọdún 1964 ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, lábẹ́ Olóyè S. L. Akíntọ́lá, wá fòfin dè é kó má ṣeré mọ́ ní gbogbo agbègbè náà nítorí eré Yorùbá Ronú. Òfin náà kò kúrò títí di ọdún 1966 tí ìjọba ológun gbé e kúrò. Ẹ rò ó wò. Ìbàdàn, Abẹ́òkúta, Ìjẹ̀bú, Òṣogbo, Oǹdó, ibi tí àwọn ènìyàn ti gbọ́ èdè rẹ̀, ibi tí owó géètì rẹ̀ ti ń wá, gbogbo rẹ̀ dí mọ́ ọn lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹgbẹ́ tó ń jẹun láti ọwọ́ dé ẹnu! Bó bá jẹ́ pé wọ́n jókòó ní ilé tí wọ́n ń retí ọjọ́ tí ìjọba yóò ṣàánú, ẹgbẹ́ náà ì bá ti tú ká láàárín oṣù díẹ̀. Wọn kò jókòó. Òfin Ìwọ̀-Oòrùn kò dé Èkó, nítorí abẹ́ ìjọba àpapọ̀ ni Èkó wà nígbà náà, bẹ́ẹ̀ ni kò dé Òkè Ọya. Ògúndé sì tún gbé eré tuntun kalẹ̀, Òtítọ́ Korò, ó fi dá àwọn tó fòfin dè é lóhùn.

Ohun tí mo rí mú níbẹ̀ fún àwa náà ni pé ẹgbẹ́ tí ọkàn rẹ̀ ti wó nílò iṣẹ́ tuntun kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó ń ṣe. Ìsinmi gígùn a máa mú kí ìbínú pọ̀ sí i. Kì í ṣe dandan kó jẹ́ odindi eré. Orin kan tí ẹ ó fi sí ìbẹ̀rẹ̀ ni, ìran kan tí ẹ tún ń tò, tàbí kíka eré ọdún tó ń bọ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì kí ẹ tó múra fún ti alẹ́. Ẹni tó ń kọ́ nǹkan lọ́wọ́ kì í ráyè gbé ìbànújẹ́ jókòó.

Àwọn ẹgbẹ́ ìgbà yẹn tún ní ohun kan tí a ti sọ nù, ó sì dùn mí púpọ̀. Kí ìtàn tó bẹ̀rẹ̀, orin àti ijó ìbẹ̀rẹ̀ máa ń wà, èyí tí àwọn fúnra wọn ń pè ní opening glee. Ẹgbẹ́ yóò jáde pẹ̀lú aṣọ kan náà, wọn á júbà, wọn á jó, wọn á kọrin, kí ẹnikẹ́ni tó di ọba tàbí ẹrú nínú ìtàn. Àwọn onímọ̀ máa ń sọ pé ó ń gbé òǹwòran sókè. Èmi ń wo ohun tó ń ṣe fún òṣèré. Ẹni tí ipa rẹ̀ kò ju pé kó gbé omi wọlé lọ ti dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ olórí ẹgbẹ́, ó ti gbọ́ ohùn ara rẹ̀ nínú ohùn gbogbo wọn, àtẹ́wọ́ àkọ́kọ́ alẹ́ náà sì kan òun náà. Lónìí, òṣèré méjì lè wà nínú eré kan fún oṣù kan láìpàdé lórí ìtàgé. Bí eré yín kò bá gba irú orin bẹ́ẹ̀ níwájú òǹwòran, ẹ ṣe é lẹ́yìn aṣọ ìtàgé kí wọ́n tó jẹ́ kí èrò wọlé. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó. Kí gbogbo ènìyàn wà níbẹ̀, títí kan ẹni tó ń ran aṣọ àti ẹni tó ń ṣọ́ iná.

Àárẹ̀ ipa ni mo fẹ́ kàn báyìí. Dúró Ládiípọ̀ ti ń ṣe Ṣàngó nínú Ọba Kò So láti ọdún 1963 tí eré náà jáde ní Òṣogbo. Wọ́n gbé e lọ sí Berlin ní 1964, wọ́n gbé e lọ sí Ìlú Ọba ní 1965, ó sì wà lára ohun tí ayé mọ̀ ọ́n mọ́ títí tó fi kú ní ọdún 1978. Báwo ni ènìyàn ṣe ń pokùnso lálaalẹ́ fún irú ọdún bẹ́ẹ̀ tí kò fi sú u? Ìdáhùn tèmi wà lọ́dọ̀ àwọn onílù. Nínú eré tó kún fún oríkì àti ìlù bàtá, òṣèré kò dá wà. Onílù lè ki í lónìí ní ọ̀nà tí kò gbà kí i lánàá, ara rẹ̀ yóò sì gbọ́ kí ọgbọ́n orí rẹ̀ tó gbọ́. Mo ti rí i tí òṣèré tó rẹ̀ tẹnutẹnu dìde nítorí pé oníyàá ìlù pe orúkọ bàbá rẹ̀. Nítorí náà, mo máa ń bẹ olùdarí pé kó fi àyè kan sílẹ̀ nínú eré, kó má ju ìṣẹ́jú kan lọ, tí onílù lómìnira láti sọ ohun tó bá wù ú. Kí àwọn òṣèré má mọ ohun tí yóò sọ. Gbogbo wọn ni yóò máa retí rẹ̀.

Àwọn ẹgbẹ́ alárìnká mìíràn kò tilẹ̀ ní ìwé eré lọ́wọ́. Olórí yóò sọ ìtàn, yóò pín ipa, ọ̀rọ̀ yóò sì máa jáde lẹ́nu òṣèré bí wọ́n ṣe ń ṣe é, títí eré náà yóò fi gbó sí i láti ìlú dé ìlú. Ẹ̀fẹ̀ tó pa wọ́n lẹ́rìn-ín ní Ògbómọ̀ṣọ́ á di apá kan eré kí wọ́n tó dé Ìlọrin. Ìyẹn kò ṣeé ṣe níbi tí a ti ń ṣe eré tí ẹlòmíràn kọ, nítorí ọ̀rọ̀ òǹkọ̀wé kì í ṣe tiwa láti bà jẹ́. Mo ń tẹnu mọ́ ọn, nítorí òṣèré tí iṣẹ́ ti sú máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀fẹ̀ tirẹ̀ kún un, ẹ̀rín méjì mẹ́ta á sì tàn án jẹ. Ohun tí olùdarí lè ṣe ni kó má ṣe sá lọ lẹ́yìn alẹ́ àkọ́kọ́. Kó padà wá lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, kó jókòó sáàárín èrò, kó wo eré náà tán. Lọ́jọ́ kejì, kó pe àwọn tó wà nínú ìran kan ṣoṣo, kó sì bá wọn tún un ṣe fún ìdajì wákàtí, kó bi wọ́n ní ìbéèrè tí kò tíì bi wọ́n rí: kí ni ìyàwó ọba yìí jẹ lárọ̀ọ́ òní? Ta ló jí i? Òṣèré yóò gbé nǹkan tuntun wọ inú ọ̀rọ̀ àtijọ́ láìyí ẹyọ ọ̀rọ̀ kan padà. Olùdarí tó gbàgbé ẹgbẹ́ sọ́wọ́ alákòóso ìtàgé, tó ń retí pé kí ìwúrí máa ga, ó ń di ẹrù olórí lé ẹni tí kò ní àṣẹ olórí lórí.

Ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin inú ẹgbẹ́ kò ṣeé fò. Ní ìgbà àwọn Ògúndé, àwọn òbí kì í fẹ́ kí ọmọbìnrin wọn ṣeré, nítorí alágbe ni wọ́n ń pe òṣèré. Èyí tó bá sì wá, bó bá lọ́kọ tán, ọkọ á mú un kúrò. Ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ olórí ẹgbẹ́ gbà ni pé wọ́n fẹ́ àwọn òṣèrébìnrin wọn. Ògúndé fẹ́ púpọ̀ nínú wọn, àwọn ìyàwó rẹ̀ sì di òpó ẹgbẹ́ náà. Ó mú ẹgbẹ́ dúró, mi ò lè sẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù máa ń bà mí nígbà tí olórí ẹgbẹ́ òde òní bá fi ìyẹn ṣe àwíjàre, tó ń yọ òṣèrébìnrin lẹ́nu ní yàrá ìmúra, tó sì ń pe ìyẹn ní àṣà iṣẹ́ wa. Àwọn tí mò ń sọ kò fẹ́ ẹnikẹ́ni. Wọ́n kàn ń da iṣẹ́ ọmọlọ́mọ rú ni. Bí ẹ bá rí i tí àwọn obìnrin inú ẹgbẹ́ yín ṣàdédé dákẹ́, tí wọ́n ń wọlé ní méjì méjì, tí wọn kì í fẹ́ dá dúró sí yàrá kan, ẹ má wá ìdí rẹ̀ sínú àárẹ̀ tàbí sínú owó. Ẹnì kan wà níbẹ̀ tó yẹ kó lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ òun ni orúkọ rẹ̀ ń ta tíkẹ́ẹ̀tì. Kí yàrá ìmúra obìnrin ní ilẹ̀kùn tó ń tì láti inú. Bí eré bá parí ní aago mẹ́wàá alẹ́, kí ọkọ̀ wà tí yóò gbé wọn dé ibi tí iná wà.

Ìràwọ̀ tí wọ́n mú wá láti inú fíìmù nítorí kí èrò lè pọ̀, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ náà ṣe kókó. Ó pa ìdánrawò jẹ, ọkọ̀ ń gbé e wá, yàrá tirẹ̀ tutù, àwọn tó ti ń dánra wò láti oṣù méjì wá ń bọ́ láti inú dánfó. Mi ò sọ pé kí wọ́n má ṣe mú un. Àwọn mìíràn nínú wọn jẹ́ ọmọlúàbí, wọ́n sì mọ iṣẹ́. Ohun tí mo ń sọ ni pé kí òfin ìpè ìdajì wákàtí dé ọ̀dọ̀ tirẹ̀ náà. Bí wọ́n bá ń bu owó ìtanràn fún ẹni tó bá pẹ́, kí wọ́n bu ú fún òun náà. Ẹgbẹ́ lè gba pé owó ẹnì kan ju tàwọn lọ. Wọn kì í gbà pé òfin ẹnì kan yàtọ̀.

Ìjà ńkọ́? Ẹ yanjú rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú sí i. Kí alákòóso ìtàgé pe ẹnì kìíní lọ́tọ̀, kó pe ẹnì kejì lọ́tọ̀, kó tó kó wọn pọ̀, kó sì wá àgbà kan nínú ẹgbẹ́ tí àwọn méjèèjì ń bọ̀wọ̀ fún tì í. Ẹ má ṣe bá ẹnikẹ́ni wí lórí ẹgbẹ́ WhatsApp. Ọ̀rọ̀ tí ẹ bá kọ síbẹ̀ ní aago méjìlá òru, wọn á kà á ní yàrá wọn láìrí ojú yín, wọn á fi ohùn burúkú kà á. Kí ibẹ̀ wà fún àkókò ìpè àti àdírẹ́sì nìkan.

Bí ọ̀fọ̀ bá ṣẹ òṣèré, mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ àgbà nínú iṣẹ́ yìí máa ń fi ìgbéraga sọ ti ẹni tó sin ìyá rẹ̀ lówùúrọ̀ tó sì ṣeré lálẹ́. Mo bọ̀wọ̀ fún ẹni tó ṣe bẹ́ẹ̀ nítorí òun fúnra rẹ̀ fẹ́. Ẹni tí wọ́n fi túláàsì ṣe é fún, ìwà ìkà ni. Ẹ ní arọ́pò láti ọ̀sẹ̀ kìíní ìdánrawò, ẹni tó mọ ọ̀rọ̀, tó mọ ibi ìdúró, tí aṣọ rẹ̀ sì wà nílẹ̀. Kí arọ́pò náà ṣe ipa náà lẹ́ẹ̀kan ó kéré tán nígbà tí ara gbogbo ènìyàn le, bóyá ní ọ̀sán ọjọ́ Ọjọ́rú kan tí èrò kò pọ̀. Àǹfààní méjì ni: ẹni tó ni ipa yóò sinmi, òun tó ń dúró lẹ́yìn ìtàgé láti oṣù kan yóò sì mọ̀ pé wọn kò tan òun.

Ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn ni mo fẹ́ fi parí, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ti ń tú sílẹ̀ láìmọ̀. Ọkàn òṣèré ti wà níbi iṣẹ́ tó kàn. Ó ń lọ fún àyẹ̀wò fíìmù lárọ̀ọ́, ó ń sáré padà ní ìrọ̀lẹ́. Ẹ má bínú sí i, ọmọ rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹun ní oṣù tó ń bọ̀. Ẹ béèrè lọ́wọ́ gbogbo wọn ọjọ́ tí wọ́n ní àyẹ̀wò, kí ẹ sì sún àkókò ìpè síwájú tàbí sẹ́yìn fún wọn níbi tó bá ti ṣeé ṣe. Kí olóòtú wá sọ fún wọn, ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú alẹ́ ìkẹyìn, bóyá eré náà yóò tún jáde ní Kérésìmesì tàbí Àjíǹde, àti àwọn tí wọ́n ó pè padà. Bí wọn kò bá tíì mọ̀, kí wọ́n sọ pé àwọn kò tíì mọ̀. Kí owó ìkẹyìn wọlé ṣáájú eré alẹ́ ìkẹyìn. Mo ń tọrọ èyí lọ́wọ́ ẹ̀yin tó ń fowó sílẹ̀ nínú yàrá yìí. Kí alákòóso ìtàgé sì jókòó sẹ́nu ọ̀nà yàrá ìmúra pẹ̀lú ìwé orúkọ, kí ó rí i dájú pé kò sẹ́nì kankan, òṣèré tàbí onílù tàbí ẹni tó ń gbé àga, tó kúrò níbẹ̀ láìgba ohun tó jẹ́ tirẹ̀.